Ẹ Jẹ́ Ká Máa Rí Pulúùfù: Lẹ́tà Ṣíṣí sí HMO Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ HMO, ilé iṣẹ́ ìdójútòfò tó ń bójú tó ìlera àwa méje ní ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní dárúkọ yín síbí. Ẹ mọ ara yín, ọsibítù tọ́rọ̀ kàn mọ ara rẹ̀, kò sì sí lọ́kàn mi láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín ní kọ̀rọ̀, lórí bíìlì iṣẹ́ abẹ ìyàwó mi tẹ́ ẹ kọ̀ láti san. Ẹ̀rọ ló dáhùn àkọ́kọ́. Ẹ ní ẹ ti rí èkejì gbà, ó parí síbẹ̀. Ẹ̀kẹta lẹ tó dáhùn bí ọmọ èèyàn, ọ̀rọ̀ sì ti yanjú, tàbí kí n ní ó kù díẹ̀ kó yanjú tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè jókòó kọ eléyìí láìbínú. Láìbínú púpọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé e síta ni pé gbogbo ẹni tí mo bá ròyìn rẹ̀ fún ní àdúgbò ló ń fi tirẹ̀ tì í. Báíńdà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ní bíìlì ọmọ rẹ̀ kan tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún tó kọjá, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì san án. Ìyá tó ń gbé ìrẹsì wá fún wa lọ́sàn-án ní àyẹ̀wò oyún wà nínú bíìlì tí wọ́n kọ fún òun, bẹ́ẹ̀ òun ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó san án.

Tiwa rèé.

Ìyàwó mi ní fáíbírọ́ọ̀dù, kókó inú ilé ọmọ. Nígbà tá a ra ètò yín, ọmọkùnrin tẹ́ ẹ rán wá jókòó sórí rímù bébà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ka ìwé àdéhùn sí wa létí, ó ní ẹ kì í sanwó iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ọ̀dù láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. A dúró oṣù 12, a tún fi oṣù méje lé e, torí pé ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba ìyàwó mi. Ìgbà tí PCV rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, wá já wá sí 24 ni dókítà sọ fún un pé ìbẹ̀rù náà tó gẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, aago méje àárọ̀ la ti dé ọsibítù. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́ àná. Wọ́n wo kóòdù tẹ́ ẹ fún wa, PA kóòdù yẹn tó fi hàn pé ẹ ti gbà láti sanwó, wọ́n ní ó ti kú, torí pé ọsibítù fúnra rẹ̀ ti sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ká gba òmíràn. Aago mẹ́ta ti lọ dáadáa kí tuntun tó wọlé sórí fóònù mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ní ọdún 2025 ni NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdójútòfò ìlera, pàṣẹ fún ẹ̀yin HMO pé bí ọsibítù bá ti béèrè kóòdù, wákàtí kan lẹ ní láti fi dáhùn. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyàwó mi ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, ètè rẹ̀ gbẹ, ọmọ kékeré kan sì jókòó tì í tó ń jẹ gálà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Dókítà pè mí wọlé, ó gbé abọ́ irin kan fún mi wò: kókó mọ́kànlá, èyí tó tóbi jù tó àgbálùmọ̀. Ó ní kí n yà á ní fọ́tò tí mo bá fẹ́. Mo yà á, mi ò mọ ìdí tí mo fi yà á, àfi ìgbà tó yá. Òru mẹ́ta ni ìyàwó mi sùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n fún wa ní bébà pínńkì kékeré tá a máa fi han onígéètì, a lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni akáńtáǹtì ọsibítù pè mí. Ó ní, "HMO yín ti kọ̀ ọ́, ẹ jẹ wá ní ₦685,000." Mo ní kí ló fà á. Ó ní kí n bi yín. Mo bi yín, ẹ ní kí n bi ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe ìyẹn.

Ìgbà tí ìdí rẹ̀ wá jáde, ìlà kan ṣoṣo ni, ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo tú u fún ìyàwó mi: wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò bá àìsàn tí wọ́n kọ mu. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé wọ́n ń sọ pé mi ò ní fáíbírọ́ọ̀dù ni? Kí wá ni wọ́n kó sínú abọ́?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì ní ọsibítù mìíràn. Òun ló jókòó tì mí lọ́jọ́ Àìkú kan tó là mí lọ́yẹ. Ó ní ìwé ńlá kan wà tí gbogbo ayé jọ ń lò, ICD ni wọ́n ń pè é, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ló ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo àìsàn ló ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wọn ni ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, ICD-10, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1990, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2022. Ó ní ará Faransé kan tó ń jẹ́ Jacques Bertillon ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1893, àkọsílẹ̀ ohun tó ń pa èèyàn sì ni wọ́n fi ń ṣe nígbà náà. Ìwé ikú ló ti jẹ́, ó wá di ìwé àìsàn, ó wá di ìwé owó lọ́wọ́ tiwa.

Lẹ́tà kan ló máa ń ṣáájú, nọ́ńbà méjì á tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣe kedere sí i, wọ́n á fi àmì kan sí i, nọ́ńbà mìíràn á tún wọlé. I10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru. E11 ni irú àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà. A01.0 ni taifọ́ọ̀dù. B50 ni ibà tí kòkòrò falciparum ń fà, èyí tó ń bá wa jà jù níhìn-ín. Tí dókítà bá kàn kọ "ibà" tí kò sọ irú rẹ̀, B54 ni. Obìnrin tó bímọ wẹ́rẹ́, O80. Èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bí, O82. Ẹ kíyè sí O yẹn o: lẹ́tà ni, kì í ṣe òdo. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ kọ̀wé á mọ iye ìgbà tí ọ̀kan máa ń jókòó sáyè èkejì.

Fáíbírọ́ọ̀dù ni D25.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wá kọ fún tiwa?" Ó na ìwé tí ọsibítù kọ ránṣẹ́ sí yín láti gbowó sí mi. D52. Kó tó ṣí ibi tó wà nínú ICD fún mi ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ D52? Àìtó ẹ̀jẹ̀ tí àìtó fólétì ń fà ni. Fólétì, èyí tó wà nínú ẹ̀fọ́ tútù, tí wọ́n tún máa ń fún aláboyún ní hóró rẹ̀. Àìsàn tí ẹ̀fọ́ àti oògùn wẹ́wẹ́ ń wò, wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n la ikùn obìnrin nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì yín wò ó, ó ní rárá. Ṣé mo lè bá a jà? Mi ò lè bá a jà. Ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló dájọ́ lé lórí. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n, ọ̀dọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù kò sì ṣe é mọ̀ọ́mọ̀. Ìyàwó mi pàápàá kò lẹ́jẹ̀ lára nígbà náà, àṣìṣe náà tún wá fara jọ òótọ́.

Ibi tí mo ti ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ ni èyí. PA kóòdù tẹ́ ẹ fún wa, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ọsibítù ti fi orúkọ ìyàwó mi, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, àìsàn tó ń ṣe é àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí yín. D25 ló wà níbẹ̀. Mo ti rí i, nígbà tẹ́ ẹ fèsì lẹ́tà mi kẹta, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi hàn mí. Ìwé méjì ló wà nínú ilé yín, ọ̀kan ní fáíbírọ́ọ̀dù, èkejì ní àìtó ẹ̀jẹ̀. Orúkọ kan náà, ọsibítù kan náà, oṣù kan náà. Èyí tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sanwó lẹ gbà gbọ́. Ẹ ò pe ọsibítù, ẹ ò pè mí. Fóònù ìṣẹ́jú méjì ni ìbá parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí àwa ṣe ń ṣe tiwa, bóyá ẹ̀ẹ́ rí ohun mú níbẹ̀. Tí oníbàárà bá gbé iṣẹ́ wá sí Ṣómólú, a ó tò ó, a ó tẹ ẹyọ kan jáde sórí bébà lásán. Pulúùfù nìyẹn. A ó gbé e fún un, a ó ní kó kà á, kó fọwọ́ sí i. Kò tíì fọwọ́ sí i, a ò ní gbé pléètì sórí ẹ̀rọ. Mo tò káàdì ìgbéyàwó kan ní ọjọ́ kan, Sátidé 12 ló yẹ kó jẹ́, mo tò ó ní 21. Èmi tí mo tò ó kò rí i. Ọmọkùnrin tó ń bá mi kà á kò rí i. Ọkọ ìyàwó náà wò ó, ó ní ó dára. Ìyá ìyàwó, mọ́mì arúgbó kan láti Ẹbútẹ́ Mẹ́tta, ló bọ gíláàsì wọn, tí wọ́n fi ìka tọ ìlà náà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ní, "Bàbá, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ká lọ gba ọmọ wa?" Ojú ẹni tọ́rọ̀ kàn ló máa ń rí i. A ti kà á kọjá, àwa tó jẹ́ iṣẹ́ wa.

Nínú ètò tiyín, ẹni tọ́rọ̀ kàn yẹn gan-an ni kì í rí ìwé. Ọsibítù kọ ọ́, ó di ọ̀dọ̀ yín, ẹ kà á, ẹ dájọ́, owó lọ tàbí kò lọ. Obìnrin tí wọ́n la ikùn rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n kọ nípa ikùn náà. Tí wọ́n bá fi ìwé yẹn hàn án kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kódà kó má mọ ohun tó ń jẹ́ D52, tí wọ́n bá ti kọ "àìtó ẹ̀jẹ̀" síwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, kókó ni wọ́n yọ fún mi o."

Nígbà tí mo wà lẹ́nu rẹ̀, mo ní kí ọsibítù tú bíìlì náà sílẹ̀ fún mi. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ìlà mẹ́ta péré: iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀dì, oògùn. Mo ní mo fẹ́ èyí tó gùn. Akáńtáǹtì wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ owó ní géètì mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ kejì ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ewé méjì, mo fi rúlà àti báírò pupa jókòó tì í bí ẹni ń ka pulúùfù.

FBC ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lódindi. E/U/Cr ni ti kíndìnrín àti iyọ̀ ara. GXM ni pé wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára máa bá tirẹ̀ mu. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta yìí ti lè ka ìdajì bíìlì iṣẹ́ abẹ ní Èkó. Mo rí òru mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta la sùn. Mo rí báàgì ẹ̀jẹ̀ méjì. Ẹyọ kan ni wọ́n fà sí i, èkejì padà sí báńkì ẹ̀jẹ̀, èmi gan-an ni mo rí nọ́ọ̀sì tó gbé e lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kọ FBC, wọ́n tún kọ PCV lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ PCV wà nínú FBC. Bí ẹni ra búrẹ́dì tán tí wọ́n tún ní kó sanwó èèpo rẹ̀ ni.

Mo tún fa ìlà pupa sábẹ́ PCV mìíràn ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, mo kọ "olè" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jẹ̀bi ìyẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti dà, dandan ni kí wọ́n tún wo ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, pé ẹni tí kò bá wò ó ló yẹ kí n bínú sí. Mo tọrọ àforíjì. Mo fi báírò búlúù pa "olè" rẹ́. Mo sọ èyí kí ẹni tó bá ń kà á má rò pé gbogbo ìlà tí kò yé òun ló jẹ́ jìbìtì.

Ọ̀rọ̀ kóòdù Amẹ́ríkà náà ń da àwọn èèyàn láàmú. Mo kà á títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń lò níbẹ̀ fún iṣẹ́ tí dókítà ṣe, CPT lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà wọn ló ni ín, wọ́n ti ń lò ó láti 1966. Kò kan bíìlì tiwa. NHIA ní ìwé iye owó àti kóòdù tirẹ̀ fún ètò tó ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tà fún aládàáni, ẹ̀yin àti ọsibítù lẹ jọ ń dúnàádúrà iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ fi ti Amẹ́ríkà bá akáńtáǹtì jà ní Bárígà.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ, òun ló sì dùn mí jù.

Ìyàwó mi yẹ kó padà lọ kí dókítà wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni akáńtáǹtì pè. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ní ká lọ, á ní orí ń fọ́ òun. Á ní òun fẹ́ fọṣọ. Mo rò pé ọ̀dá owó ọkọ̀ ni, mo kó owó lé e lọ́wọ́, ó kó o fún ọmọ fún owó ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kan la jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sọ ọ́ láìgbójú sókè. Ó ní fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gbowó ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí bí òun ṣe máa wọlé tí akáńtáǹtì ò ní rí òun, á sì pe orúkọ òun lójú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Wọ́n á ní onígbèsè ti dé." Obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ojúwòyè fún ọdún mẹ́rìndínlógún láìjẹ oníṣòwò kankan ní kọ́bọ̀. Nítorí 25 tó di 52, ó fi ojú ọgbẹ́ pamọ́ fún dókítà tó gbà á là.

Ó ti lọ báyìí. Ọgbẹ́ náà jinná dáadáa, a dúpẹ́.

Bó ṣe yanjú nìyí, nítorí àwọn tó bá ń kà á tí bíìlì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Mo gba ìwé tí ọsibítù fi dá ìyàwó mi sílẹ̀, èyí tí dókítà kọ ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é sí. Mo tẹ fọ́tò abọ́ irin yẹn jáde (ẹ foríjì mí). Mo ṣe ẹ̀dà àtẹ̀jíṣẹ́ tí PA kóòdù bá wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́ lórí fóònù yín. Mo mú u tọ dókítà lọ, mi ò mú u tọ akáńtáǹtì. Dókítà ló pe ẹ̀ka àkọsílẹ̀, wọ́n tún D52 ṣe sí D25, wọ́n yọ òru kan àti báàgì ẹ̀jẹ̀ kan kúrò, wọ́n yọ PCV ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ìwé tuntun ránṣẹ́ sí yín. Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀yin náà lọ́jọ́ kan náà, mo kọ déètì sí i, mo ní kí ẹ fún mi ní ìdí yín lórí bébà tí ẹ bá tún kọ̀. Ẹ ò kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló gbà láti ọjọ́ tí akáńtáǹtì pè.

Tí ẹ bá kọ̀ ni, mo ti mọ ibi tí mò ń lọ. NHIA ló ń fún HMO níwèé àṣẹ. Ti ọsibítù, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní HEFAMAA tó ń ṣọ́ ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni. FCCPC sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá rajà tí wọ́n rẹ́ jẹ. Láyé tí wọ́n ṣì ń jẹ́ CPC ni wọ́n gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde, ní 2018. Mi ò fẹ́ lọ sí ìkankan nínú wọn. Ẹjọ́ ń jẹ àkókò, ìwé ìpolongo ìsìnkú méjì ló sì wà lórí ẹ̀rọ mi nísinsìnyí.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ìwé tó kúrò ní ọsibítù wá sọ́dọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n fi han aláìsàn, kó fọwọ́ sí i. Kí àìsàn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù rẹ̀, ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Tí ìwé tó wọlé kò bá bá PA kóòdù tẹ́ ẹ kọ mu, ẹ pe èèyàn kẹ́ ẹ tó kọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sì kọ̀ ọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún èmi tí mo ra ètò, ẹ má sọ ọ́ fún ọsibítù nìkan.

Ẹnìkan nínú yín máa ní Yorùbá kì í ṣe èdè ìwé owó. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 23, ní kí olùtọ́jú sọ fún aláìsàn nípa ìlera rẹ̀, ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye tó máa ná an. Ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé e ni kí wọ́n fi bá a sọ ọ́, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé tó. Lóòótọ́, olùtọ́jú ni òfin yẹn ń bá sọ̀rọ̀, kò dárúkọ HMO. Ṣùgbọ́n òfin NHIA tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá ti ní kí ìyá onírẹsì wa wọlé tipátipá, ẹ jẹ́ kó lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Mo ti tò ó. Ìdajì ojú ewé ni, ẹ̀dà mẹ́ta lórí bébà NCR, èyí tí ohun tí wọ́n bá kọ sí ti òkè máa ń hàn sí ti ìsàlẹ̀, funfun fún yín, pínńkì fún ọsibítù, yẹ́lò fún aláìsàn. Mo kọ díẹ̀ sí i báyìí kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe máa rí:

D25: kókó inú ilé ọmọ (fáíbírọ́ọ̀dù). Ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n yọ kókó náà. Òru tí ẹ sùn: 3. Báàgì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí yín lára: 1. Ṣé bó ṣe rí nìyí? Bẹ́ẹ̀ ni / Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fọwọ́ síbí.

Ẹni tí kò lè kọ̀wé, àyè wà nísàlẹ̀ fún ìka. Ọ̀ọ́dúnrún àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni, láti ọwọ́ mi. Ẹ kàn rán ẹnìkan wá yẹ̀ ẹ́ wò, pulúùfù rẹ̀ wà lórí tábìlì, lábẹ́ rúlà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ní gíláàsì.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Ṣómólú

Mo gbàgbé: ìlà kan ṣì kù nínú bíìlì náà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣàlàyé fún mi. "Consumables, ₦42,000." Mo bi akáńtáǹtì, ó ní ìbọ̀wọ́ ni àti òwú. Mo ní mélòó ni ìbọ̀wọ́, ó ní òun á wò ó. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló ní kí n padà wá.